Ọmọ tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Rọ Lójijì
Àsọyé fún àwọn àgbààgbà Ọjà Igbó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ti oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ìṣèlú. Ti ọmọ wẹ́wẹ́ ni, àti ti ohun tí à ń fi pamọ́ sínú iyàrá.

Bí ẹsẹ̀ tàbí apá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bá rọ lójijì, ìlànà ìṣọ́ àrùn ilẹ̀ wa ni pé kí a fi tó òṣìṣẹ́ ìṣọ́ àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ létí lójú ẹsẹ̀. Òun ni yóò gba ìgbẹ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú wákàtí 24 ó kéré tán láàrin méjèèjì, kí ọjọ́ 14 tó pé. Nínú àpótí yìnyín ni a ó gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ní Ìbàdàn. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ a máa ṣòro í rí nínú rẹ̀. Níhìn-ín gan-an ni wàhálà wa wà. Ọjọ́ mélòó ni à ń lò lọ́dọ̀ babaláwo, lọ́dọ̀ atoegun, àti lórí òkè àdúrà, kí a tó rántí ilé ìwòsàn? N kò bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ wọn ni ìyá ọmọ kọ́kọ́ ń sáré lọ. Nítorí náà àwọn gan-an ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ròyìn.

Ẹ má ṣe wí pé ọmọ kan ṣoṣo ni. Nínú 200 ènìyàn tí kòkòrò náà bá wọ̀ lára, bí ẹnì kan ni ó ń rọ. Àwọn yòókù ń rìn káàkiri ọjà, a kò sì mọ̀. Ní September 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ orúkọ Nàìjíríà kúrò láàrin àwọn ilẹ̀ tí àrùn náà fi ṣe ilé. Inú wa dùn. Ní August 2016, a tún rí i lára àwọn ọmọ ní Borno, níbi tí ogun kò jẹ́ kí àwọn olùṣọ́ wọ̀. Nígbà tí a yẹ ìran kòkòrò náà wò, ọmọ ìyá èyí tí a rí níbẹ̀ gbẹ̀yìn ní 2011 ni. Ọdún márùn-ún ni ó fi bá wa gbé láìfọhùn! Ó di August 2020 kí a tó kéde pé irú rẹ̀ àtilẹ̀wá ti kúrò ní Áfíríkà.

Ohun kan ṣì wà tí ó yà mí lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ fi ìwọ̀n lélẹ̀ pé, nínú 100,000 ọmọdé, ó kéré tán a gbọ́dọ̀ rí ọ̀kan lọ́dún tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ nítorí àìsàn mìíràn. Ìlú ńlá tí kò bá rí ìkankan, wọn kì í yìn ín. Wọn a ní kò wò dáradára ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn dókítà ọmọdé ní Ìlú Ọba ṣe nígbà tí wọ́n dá ìṣọ́ àwọn àrùn tí kò wọ́pọ̀ sílẹ̀ ní 1986: lóṣooṣù ni a ń fi káàdì ránṣẹ́ sí wọn, ẹni tí kò sì rí nǹkan kan ní láti dáhùn pé òun kò rí.

Mo bẹ̀ yín, kí baálẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyálọ́jà àti àwọn oníṣègùn àdúgbò máa bèèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí a bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí a ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí a kò bá rí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò rí.