Ẹ Lọ Wo Ohun Tí Wọ́n Kọ Sílẹ̀ Nípa Gbèsè Yín

Alága ti ní kí n má pẹ́, ẹ jẹ́ kí n tètè wọ inú ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ gbèsè ni. Ẹ má wolẹ̀, tèmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi wọ UNIOSUN, ní ọgbà wọn tó wà ní Òkukù. Àkókò owó iléèwé tó, owó búlọ́ọ̀kù tí mo tà kò tíì wọlé. Mo bá lọ sí báńkì mi pé kí wọ́n yá mi. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ tẹ BVN mi, ó wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sà, gbèsè wà lọ́rùn yín níbòmíràn." Gbèsè kẹ̀? Ojú tì mí débi pé n kò dúró gbọ́ àlàyé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ̀ pé credit bureau mẹ́ta ló ń kó àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó wa jọ ní Nàìjíríà: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Kí báńkì tó yá yín lówó, ìlànà Báńkì Àpapọ̀ ni pé kó wo àkọsílẹ̀ yín lọ́dọ̀ méjì nínú wọn, ó kéré tán. Òfin ọdún 2017 sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba tiyín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Mélòó nínú wa ló ti gbà á rí?

Mo gba tèmi. Nǹkan méjì ni mo bá níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni owó ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù tí mo yá lọ́dọ̀ ilé ẹ̀yáwó kan. Mo ti san án tán, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n wọn ò kọ ọ́ pé mo ti san. Èkejì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín, ₦7,000 ni, tí mo yá lórí app kan nígbà kòrónà, lórí síìmù tó ti sọnù. Èlé ti gun orí rẹ̀.

Ti àkọ́kọ́, mo ní kí ilé ẹ̀yáwó náà fún mi ní ìwé pé n kò jẹ wọ́n mọ́. Òní ń kọ́, ọ̀la ń kọ́. Mo bá fi ẹ̀dà rìsíìtì ránṣẹ́ sí credit bureau fúnra wọn, mo ní ohun tí wọ́n kọ kì í ṣe òótọ́. Oṣù méjì gbáko kó tó yanjú. Ti èkejì, mo san án, mo sì gba ìwé. Owó iléèwé ńkọ́? Àjọ ìyàwó mi la kó tì í.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: sísan owó kò pa ìtàn rẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó ṣì máa hàn pé ẹ pẹ́ kí ẹ tó san, àmọ́ "ó ti san" kì í ṣe ẹgbẹ́ "ó ṣì jẹ". Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun bá yín fọ orúkọ yín mọ́ nínú kọ̀ǹpútà, olè ni. Ẹ má sì sọ pé ẹ máa sá lọ ṣí àkáǹtì síbòmíràn. Láti August 2020, báńkì tí ẹ jẹ lè fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yá kékeré, kí ẹ san kí ọjọ́ tó pé. Àjọ àti èésú dára, àwọn ló gbà mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í hàn nínú ìwé yẹn.

Ní ti káàdì, èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ń ná owó tiwa ni. Káàdì àwìn, owó báńkì lẹ ń ná. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́, kó béèrè èyí tí wọ́n ń fi owó tirẹ̀ dúró fún. Ẹ béèrè èlé kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ká ní èlé jẹ́ 4% lóṣù, tí ẹ jẹ ₦100,000, tí ẹ sì san ₦5,000, ₦1,000 péré ló dín nínú gbèsè yín. Nítorí náà, ẹ máa san gbogbo rẹ̀, ẹ má sì fi fa owó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, irú káàdì yìí ni wọ́n ń pè ní secured card. Ẹ rí i pé wọ́n ń ròyìn yín fún Equifax, Experian àti TransUnion. Ìsanwó tó pẹ́ máa ń wà nínú ìwé fún ọdún 7 níbẹ̀, ọdún 6 ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ọmọ Commonwealth tó ní ìwé ìgbélùú lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ibẹ̀ sì ni àwọn báńkì ti ń wo àdírẹ́sì yín.

Ìyá kan láti Ìnísà ti bi mí pé ṣé káàdì ni kí òun kọ́kọ́ gbà ni, àbí kí òun san gbèsè app. Màmá, ẹ san app. Ẹ wò ó bóyá orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ FCCPC, kí ẹ san án sí àkáǹtì ilé-iṣẹ́, kì í ṣe sí ti ọmọkùnrin tó ń pè yín láàárọ̀. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Ìwé yẹn lẹ máa mú dání lọ sí báńkì.