Ọ̀rọ̀ Lórí Ara Sísanra Àwọn Ọ̀dọ́kùnrin Wa

À ń gbọ́ ọ ní ìpàdé bí a ti ń pe ọ̀dọ́kùnrin tó bá sanra ní alájẹkì. Ẹ jẹ́ kí á rọra. Ní Kánádà, Claude Bouchard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀dọ́kùnrin 24 jọ, ìbejì méjì-méjì tó jọra gan-an, wọ́n sì fún olúkúlùkù ní àlékún oúnjẹ kan náà fún ọjọ́ 84 (owó ọjà yẹn kò ní kéré!). Ìròyìn wọn jáde ní 1990: ẹnì kan fi kílò 4 wúwo sí i, òmíràn fi 13. Ṣùgbọ́n bí Táyé bá ti sanra tó, Kẹ́hìndé rẹ̀ kì í jìnnà sí i. Ibi tí ọ̀rá sì ń jókòó sí lára ọ̀kan ló ń jókòó sí lára èkejì. Àbímọ́ni nìyẹn. Oúnjẹ náà ṣe tirẹ̀ o, nítorí gbogbo wọn ló sanra sí i. Ọmọ tí ìdílé rẹ̀ bá ń sanra, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ẹ pè é sẹ́yìn, kí ó tètè dín òkèlè kù, kí ó sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò.