Ìrònúpìwàdà àti Ojú Owó Tó Wà Nílẹ̀



Ìlú Ìdànrè tí kókó ti ń bọ́ ọmọ ni a wà yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gba inú oko wọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Gbogbo yín lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi oko kókó yáwó. Àìsàn lè dé, ó sì lè jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ. Baba á fa oko lé olówó lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, olówó ni yóò máa ká kókó. Ó ká a lọ́dún kìíní, ó ká a lọ́dún kẹwàá, gbogbo ohun tó ká, èlé ni. Ojú owó, ìyẹn owó tí baba yá gan-an, kò fi kọ́bọ̀ kan dín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ìwọ̀fà láyé àtijọ́. Á kọ ebè, á roko olówó rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì lè san gbèsè náà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gbé ojú owó kalẹ̀ fún un, ó lè hu ewú síbẹ̀.

Ojú yìí ni mo fi ń wo ẹni tó ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21, tó ń ṣe àìsùn, tó gbà pé bí ìyà bá jẹ òun tó, Ọlọ́run á ní ó tó. Ààwẹ̀ dára, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ni ẹni náà ń ṣe.

Nínú Mátíù orí 18, ìránṣẹ́ kan jẹ ọba ní 10,000 tálẹ́ńtì. Dénáríù kan ni owó òòjọ́ alágbàṣe nígbà náà, tálẹ́ńtì kan sì tó nǹkan bíi 6,000 dénáríù. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: iṣẹ́ òòjọ́ 60,000,000, ó ju 160,000 ọdún lọ! Ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin yìí bẹ̀bẹ̀ fún. Kò ní kí ọba dárí gbèsè ji òun. Sùúrù ló tọrọ, ó ní òun á san án tán. Ọba kò tilẹ̀ bá a dúnàá-dúrà, ó pa gbèsè náà rẹ́ pátápátá. Ẹ̀kọ́ Kristẹni ni pé Ọlọ́run tí a jẹ ní gbèsè ló fúnra rẹ̀ gbé ojú owó kalẹ̀, nínú ikú Kristi. Ọ̀rọ̀ tí Martin Luther fà ní Jámánì lọ́dún 1517, nígbà tí wọ́n ń ta ìwé ìdáríjì lówó, kò jìnnà sí èyí.

Ẹnìkan á wá ní: “Ṣé kí olè kókó wá máa jẹ̀gbádùn lọ ni?” Ìbéèrè yẹn wù mí. Léfítíkù orí 6 ti dá a lóhùn: lọ́jọ́ tí arẹ́nijẹ bá ń mú ẹbọ ẹ̀bi lọ bá àlùfáà, á dá ohun olóhun padà, á sì fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. Bó bá jẹ́ àpò márùn-ún ló jí, mẹ́fà ni yóò rù padà. Sákéù, agbowó-orí Jẹ́ríkò, ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún tálákà, ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tó bá rẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n Jésù ti ní òun á dé sílé rẹ̀ kó tó di pé ó dárúkọ owó. Sákéù kò fi owó ra ìdáríjì. Ìdáríjì ló tú u lọ́wọ́.

Ní agbègbè wa, ọdún 1930 ni a kì í gbàgbé. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ títì, tó gbọ́ ìpè lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ lọ́dún 1928, ni Ọlọ́run lò nínú ìsọjí Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní oṣù Keje ọdún 1930 náà. Wọ́n kó ère àti oògùn jáde, wọ́n dáná sun wọ́n. Mo mọyì rẹ̀ gidigidi. Síbẹ̀, ó rọrùn kí èèyàn sun oògùn ju kó dá ilẹ̀ ọmọ òrukàn padà lọ.

Ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n fi kọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù kókó. Àpò náà wọn kìlógíráàmù 64, ṣùgbọ́n oníṣòwò ti fọwọ́ kan sípíríǹgì inú rẹ̀, abẹ́rẹ́ dúró sí 60. Àgbẹ̀ ń wò ó, kò rí nǹkan kan sọ. Lọ́jọ́ Àìkú, oníṣòwò gbé ìdá mẹ́wàá wá, ìjọ pàtẹ́wọ́. Lálẹ́, ó wá síwájú pẹpẹ, ó sunkún. Ọlọ́run gbọ́ ẹkún rẹ̀, n kò ṣiyèméjì. Àmọ́ ta ló máa tún sípíríǹgì yẹn ṣe láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé? Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bi irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan máa ń ṣàwáwí pé ẹni tí àwọn rẹ́ jẹ ti kú. Ìwé Nọ́ńbà orí 5 kò gba àwáwí yẹn: kí wọ́n gbé ohun olóhun fún ìbátan rẹ̀, bí kò bá sì ní ìbátan, kó di ti Olúwa lọ́wọ́ àlùfáà. Ní Ìdànrè yìí o, láti Odòde dé Aládé, ẹ bá mi wá òkú kan ṣoṣo tí kò ní mọ̀lẹ́bí.