Àyẹ̀wò Ló Ń Ṣáájú Ẹbọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Àrùn Àtọ̀gbẹ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

    

Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni ti àrùn àtọ̀gbẹ àti àwọn àrùn tí ó ń bá a rìn. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Kò sí babaláwo tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò yan ẹbọ fún ènìyàn kí ó tó dá Ifá. Kí ló wá dé tí à ń po àgbo àtọ̀gbẹ fún ẹni tí a kò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ àrùn náà, nítorí ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni iṣẹ́ mi kejì. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni «à». «Tọ̀» àti «gbẹ» jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn: ènìyàn ń tọ̀ títí ó fi gbẹ. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ pàápàá wo aláìsàn báyìí, orúkọ tí wọ́n fún àrùn náà sì ń sọ nípa omi tí ń gba inú ènìyàn kọjá. Àwọn baba wa kò fi orúkọ ọ̀tá tàbí àsàsí pè é. Wọ́n wo aláìsàn, wọ́n sì sọ ohun tí ojú wọn rí. Nígbà tí a rí i pé èèrà ń ṣù bo ibi tí aláìsàn tọ̀ sí, a tún pè é ní ìtọ̀ ṣúgà. Àyẹ̀wò ló bí orúkọ méjèèjì.

Báwo ni àrùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ̀bà, iyán, ìrẹsì àti búrẹ́dì tí à ń jẹ ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Oje ara kan tí à ń pè ní ínsúlínì ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà náà kí ó lè wọ inú ẹran ara, kí ó sì di agbára. Nínú àwọn kan, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọdé, ara kì í pèsè ínsúlínì mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ínsúlínì wà, ṣùgbọ́n ara kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ṣúgà yóò wá kún inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín yóò máa tì í jáde pẹ̀lú omi. Ìdí nìyí tí òùngbẹ fi ń gbẹ aláìsàn, tí ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí ó ń jẹun tí ó sì ń rù.

Oṣù kìíní ọdún 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin kan ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì ní ìlú Toronto, ní Kánádà. Kí ó tó di ìgbà náà, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn irú èyí tí ń ṣe àwọn ọmọdé. Nítorí náà, kò sí ewé tí a lè fi dípò ínsúlínì fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní kí ó dá a dúró, ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni a fún un.

Kí ló mú ọ̀rọ̀ yìí kan àdúgbò wa gbọ̀ngbọ̀n? Ajégúnlẹ̀ ni a jókòó sí: Ajé gúnlẹ̀ síbí. Èbúté Àpápá tí ó wà nítòsí wa ni ọkọ̀ ojú omi ti ń já ṣúgà tí a kò tíì fọ̀ láti ilẹ̀ Bràsíìlì. Ilé-iṣẹ́ Dangote ní èbúté náà lè fọ̀ ju mílíọ̀nù 1 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún. Àpápá náà ni Flour Mills ti ń lọ àlìkámà láti ọdún 1962. Ẹ rántí pé oko ìrèké ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ ní Bahia láyé òwò ẹrú, àwọn ni wọ́n sì pa Òrìṣà mọ́ níbẹ̀ títí di òní. Ìrèké ti jẹ wá níyà rí. Kì í ṣe ṣúgà nìkan ló ń fa àtọ̀gbẹ: ìdílé ẹni, ara sísan jù àti ìjókòó pípẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo awakọ̀ tírélà tí ó jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́ lójú ọ̀nà èbúté, tí ó ń fi búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò panu. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí náírà 10 lórí lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan. Náírà 10 kò lè ṣọ́ ẹnu ẹni fún ẹni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun àwa onísẹ̀ṣe jù nìyí. Ṣúgà tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ń ba iṣan jẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ yóò kú tipiri. Aláìsàn yóò tẹ ìṣó, kò ní mọ̀. Egbò yóò yọ, kò ní jinná, a ó sì ní ó tẹ oògùn. Nǹkan ọkùnrin kò ní dìde mọ́, a ó ní wọ́n fi aṣọ rẹ̀ ṣe é. Ojú yóò máa ṣú, a ó ní ayé ló dì í. Ẹ̀jẹ̀ ríru yóò darapọ̀ mọ́ ọn, rọpárọsẹ̀ yóò dé, kíndìnrín yóò daṣẹ́ sílẹ̀. N kò sọ pé ayé kò lè ṣe ènìyàn. Ohun tí mo sọ ni pé kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Láàrin ìgbà tí a ń wá ọ̀tá kiri, egbò tí ìbá jinná ni wọ́n ń gé ẹsẹ̀ nítorí rẹ̀.

Kí ni kí a ṣe? Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, tí ó ń jí tọ̀ lóru léraléra, tí egbò rẹ̀ kò jinná, ẹ ní kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ajeromi, ó wà ní Àpápá. Bí ènìyàn kò bá jẹun fún wákàtí mẹ́jọ, tí òǹkà ṣúgà rẹ̀ kò tó 100 mg/dL, ara le. Láti 100 sí 125, ìkìlọ̀ ni. Bí ó bá tó 126 tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò tí kò yí padà, àtọ̀gbẹ ni.

Ẹ má ṣe sín gbẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ. Ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́. Bí ètùtù bá gba pé kí a rìn láìwọ bàtà tàbí kí a gbààwẹ̀, ẹ béèrè bí ó ti lè wọ̀ fún un. Bí ó bá ń mu ewúro tàbí àgbo mìíràn, kí dókítà rẹ̀ mọ̀, nítorí àgbo pẹ̀lú oògùn òyìnbó lè mú ṣúgà lọ sílẹ̀ jù: ara yóò máa gbọ̀n, òógùn yóò bo ènìyàn, ó sì lè dákú. Ẹ má sì ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó da oògùn rẹ̀ nù.

Àwa kọ́ ni ó yẹ kí ìkóra-ẹni-níjàánu ṣòro fún. A mọ èèwọ̀ pa mọ́. Ẹni tí kò jẹ ẹran kan láti ìgbà tí ó ti tẹ Ifá, ṣé ìgò ọtí dídùn kan ni yóò borí rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń lò nídìí ọpọ́n àti ní ilé ìwòsàn: àyẹ̀wò. Àwọn àgbà ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ló kù. Lórí àtọ̀gbẹ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ewé tí ó kù. Kí ẹ tó kúrò níhìn-ín lónìí, kí olúkúlùkù ronú kan ẹnìkan nílé rẹ̀ tí ó ti pé ogójì ọdún tí kò tíì ṣe é rí, kí ó sì mú un lọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Kí Ọ̀sanyìn jẹ́ kí ewé ó jẹ́ lọ́wọ́ wa. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.