Kí Ló Dé Tí Gel Èékánná Yín Ń Yí Àwọ̀ Padà?

Ọ̀rọ̀ èékánná la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí, èékánná nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba níbí sì gbọ́dọ̀ kúrú, kó mọ́, láìsí àwọ̀ kankan lórí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí mo bá ti gba ìsinmi báyìí, ibi tí wọ́n ti ń ṣe gel ni mo kọ́kọ́ ń sáré lọ.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo ṣe gel funfun nítorí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ àǹtí wa. Lọ́jọ́ náà, ìka mi ń dán gbinrin. Mo wá ti ibẹ̀ gba Spain lọ, ọjọ́ mẹ́wàá nínú oòrùn. Kí n tó padà dé, funfun ti pọ́n rúsúrúsú bí eyín ẹni tó ń mu sìgá. Màmá mi wò ó, wọ́n ní, "Kútẹ́ẹ̀sì wo lo kùn yìí? Ṣé èyí tó ti bàjẹ́ ni wọ́n tà fún ẹ ni?"

Kò bàjẹ́. Kútẹ́ẹ̀sì tí àwọn màmá wa mọ̀, ńṣe ló ń gbẹ: kẹ́míkà tó ń rùn nínú ẹ̀ á bá atẹ́gùn lọ, àwọ̀ á kù sílẹ̀. Gel kì í gbẹ, dídì ló ń dì. Àwọn èròjà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní acrylate wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú òmíràn tó ń jẹ́ photoinitiator. Tẹ́ ẹ bá ki ọwọ́ bọ abẹ́ iná, ìtànṣán UV á fọ́ photoinitiator yẹn, ohun tó fọ́ lára ẹ̀ á sì mú kí àwọn acrylate máa so kọ́ra wọn bí ẹ̀wọ̀n, títí gbogbo ẹ̀ á fi le bí ike. Ike náà ni lóòótọ́.

Àmọ́ oòrùn náà ní UV. Àṣẹ́kù photoinitiator àtàwọn ohun tó ti ara ẹ̀ jáde ṣì wà nínú gel, bí oòrùn bá sì ń pa wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n lè pọ́n rúsúrúsú. Gel funfun àti èyí tí kò ní àwọ̀ ló ń tètè tú àṣírí. Àwọn àwọ̀ neon ní tiwọn, ńṣe ni wọ́n ń ṣá, torí UV ń já èròjà àwọ̀ wọn sí wẹ́wẹ́, bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Dúdú kì í sábà ṣá, carbon ni wọ́n sáà fi ń ṣe é. Àwọn kan tún wà tí wọ́n dìídì ṣe kó máa yí padà nínú oòrùn, tẹ́ ẹ bá wọlé, á padà sí bó ṣe wà. Ẹ má lọ bá ẹni tó kùn ún fún yín jà.

Kọ́rì tẹ́ ẹ fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù náà ńkọ́? Ó ń kun gel bó ṣe ń kun ṣíbí onígi. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Gel tí kò dì tán ló ń tètè mu irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kùn ún nípọn jù, tàbí tí iná kò bá gel yẹn mu, òkè á le, ìsàlẹ̀ á ṣì rọ̀. Àwọ̀ tó ṣókùnkùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù, torí ó ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Acrylate tí kò tíì dì yìí, tó bá ń kan awọ ara, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́: ìka á máa yún, á lé ròrò, ipénpéjú pàápàá lè wú. Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara nílẹ̀ yìí kìlọ̀ nípa èyí tí wọ́n ń ṣe fúnra ẹni nílé. Ara tó bá ti kọ̀ ọ́, ó sábà máa ń di títí ayé. Acrylate yìí kan náà sì wà nínú ohun tí wọ́n fi ń dí eyín àti sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń lẹ orúnkún tuntun mọ́ egungun. Nítorí náà, tó bá kan awọ yín, ẹ nù ún kẹ́ ẹ tó ki ọwọ́ bọ abẹ́ iná.

Ibi tí mo tiẹ̀ ń bọ̀ gan-an rèé. Tẹ́ ẹ bá yọ gel kúrò, ẹ wo èékánná fúnra ẹ̀ lójú ọ̀sán. Bí àwọ̀ bá bá gel lọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Bó bá kù sílẹ̀, tó jẹ́ àwọ̀ ewé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gel ti ṣí, omi wọ abẹ́ ẹ̀, kòkòrò àrùn wá ń gbé ibẹ̀. Ẹ má kun òmíràn bò ó. Tó bá jẹ́ ìlà dúdú, ẹ má tíì jáyà: àwa aláwọ̀ dúdú sábà máa ń ní in, màmá mi ní in ní ìka mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó ń fẹ̀ sí i, tàbí tó ti ń ràn dé awọ ẹ̀gbẹ́ èékánná, ẹ gbé e lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yẹn. Abẹ́ èékánná ìka ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ tó pa Bob Marley lọ́dún 1981 ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi gel lé gel láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, ìgbà wo ló máa rí i?

Mo ní iṣẹ́ alẹ́ lónìí. Ẹ jẹ́ kí n lọ yọ tèmi yìí kí ọ̀gá wọ́ọ̀dù tó rí i. Ó dìgbà kan ná.