Ẹ Má Fi Òùngbẹ Wo Ìgbẹ́ Gbuuru

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò gùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ọmọ ni.

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, kí ni à ń ṣe? Òmíràn nínú wa á ní, "Eyín ló ń hù, ẹ fi sílẹ̀." Òmíràn á ní, "Ẹ má fún un lómi mọ́, omi náà ni yóò tún yà." Àwọn kan á ní ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, kí ọmọ má fẹnu kan ohun dídùn. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ibi fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Bí ìkòkò bá ń jò, tí a kò sì bu omi kún un, ǹjẹ́ kò ní gbẹ?

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ara ọmọ rí. Omi àti iyọ̀ ara ni ìgbẹ́ náà ń kó jáde. Bí wọ́n bá ń tán lọ, ojú ọmọ á jìn, àwùjẹ̀ rẹ̀ á wọlé, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, á sunkún láìsí omijé. Ibẹ̀ ni ikú ń gbà wọlé.

Ẹ dá omi náà padà fún un. Bí ẹ bá rí oògùn inú àpò kékeré tí wọ́n ń pè ní ORS, òun ló dára jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ ka ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sí i lára. Bí kò bá sí, ẹ pò ó nílé báyìí:

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ wọn omi mímọ́ líítà 1, ìyẹn ìgò 50 cl lọ́nà 2. Ẹ bu ṣúgà ṣíbí tíì 6 sí i, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì 1. Kí orí ṣíbí tẹ́jú, kó má ga bí òkìtì. Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, kí ẹ po òmíràn. Èyí tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù pẹ̀lú.

Ìgbàkígbà tí ọmọ bá yàgbẹ́, ẹ fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má já ọmú gbà lẹ́nu rẹ̀, ẹ má sì fi ebi pa á. Ẹ béèrè oògùn zinc lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ 10 sí 14 ni ọmọ ń lò ó, bí ìgbẹ́ náà tilẹ̀ dá.

Ṣúgà yìí kì í ṣe ti adùn o. Òun ló ń ran iyọ̀ àti omi lọ́wọ́ láti wọ inú ara. Ní ọdún 1971, ogun lé àwọn ará Bangladesh wọ ilẹ̀ Íńdíà, àrùn onígbáméjì sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára kò tó. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, kí àwọn ẹbí máa fún aláìsàn mu. Níbi tí bí 30 ti ń kú nínú 100, kò pé 4 mọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ọmọ kò bá lè mu, bó bá ń bì ohun gbogbo, bí ara rẹ̀ bá rọ jọwọrọ, tàbí bí kò bá tíì pé oṣù 2, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin baba, ẹ sọ fún ìyàwó yín láti òní pé kó má dúró dè yín. Ọmọ tí omi ń tán lára rẹ̀ kò lè dúró títí baba á fi ti oko dé.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í bá omi ṣọ̀tá. Ẹ má jẹ́ kí á sọ omi di ọ̀tá ọmọ wa. Àwọn ọmọ ni yóò gbẹ̀yìn wa o.