Bí Àwọn Ìjọba Ṣe Ń Fi Ohùn Kan Sọ̀rọ̀ Lórí Owó Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a bá ìpàdé ẹ̀ka wa sọ, fún àwọn ará Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin kọ́ńdọ́ àti ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń bi wá: "Kí ni ó kàn wá nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba? Ìjọba kọ́ ni ó gbà wá síṣẹ́." Ìbéèrè náà dára. Ìdáhùn rẹ̀ ni a gbé wá lónìí, nítorí pé òkò tí ẹyẹ bá rí kì í pa ẹyẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń pè ní ìjọba nígbà tí ó bá jẹ́ agbanisíṣẹ́. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ìjọba Àpapọ̀ ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, àwọn ti rélùwéè wà níbẹ̀, àwọn ti ilé ìwòsàn ńlá wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ 36 ni ó wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ní tiwọn. Ẹni tí ó bá ń wò wọ́n láti òkèèrè yóò rò pé kálukú ń ṣe tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó jókòó ti òṣìṣẹ́, wọn a ti kọ́kọ́ jókòó ti ara wọn.

Ìjọba Àpapọ̀ ní àjọ kan tí a fi Òfin 99 ti ọdún 1993 dá sílẹ̀, National Salaries, Incomes and Wages Commission ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ àjọ yìí ni láti máa ṣírò owó oṣù àti láti gba ìjọba nímọ̀ràn lórí rẹ̀. Àwọn gómìnà ní àpérò tiwọn. Àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni ní ẹgbẹ́ tiwọn, NECA, láti ọdún 1957. Ní ti òṣìṣẹ́ ìjọba, tábìlì ìdúnàádúrà wọn ti pẹ́. Ní ọdún 1948 ni ìjọba amúnisìn gbé ètò Whitley Council wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn aṣojú ìjọba jókòó sí apá kan, tí àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ jókòó sí apá kejì. Irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń lò.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá di ti owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, gbogbo àwọn agbanisíṣẹ́ wọ̀nyí a jókòó sórí ẹní kan náà. Ẹ wo ti ọdún 2024. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 37 sílẹ̀. Àwọn aṣojú Ìjọba Àpapọ̀ wà níbẹ̀, gómìnà mẹ́fà wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹkùn kọ̀ọ̀kan, àwọn oníléeṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún, ìjọba ní 48,000 náírà ni òun lè san, àwọn oníléeṣẹ́ ní 54,000. Ẹ fiyè sí i pé ohùn wọn kò tíì ṣọ̀kan nígbà náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, NLC àti TUC ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ pa káàkiri orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ náà, ìjọba àti àwọn oníléeṣẹ́ ti di ahọ́n kan: 62,000 ni àwọn méjèèjì dárúkọ. Òṣìṣẹ́ ní 250,000. Àwọn gómìnà tún jáde wá, wọ́n ní apá àwọn kò ká 60,000 pàápàá. Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí ni 70,000, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 29 oṣù keje.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń san owó wá ní iye méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní iye kan ṣoṣo ní ìparí. Wọn kò bínú sí ara wọn, wọn kò pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ṣé àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín, ẹ gbọ́ ìtàn. Ní òpin ọdún 1970, ìgbìmọ̀ Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Ẹ̀gbá tiwa, ní kí a fi owó ìrànwọ́ lé owó iṣẹ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà: pọ́ùn méjì lóṣù fún àwọn tí owó wọn kéré. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni kan kọ̀, wọ́n ní àwọn ti fi kún owó òṣìṣẹ́ àwọn láti ọdún 1964, kò sì kàn àwọn mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà ni wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1971 kí owó náà tó dé ọwọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà ni ti Udoji dé. Ní ọdún 1974 ìjọba sọ owó ẹni tí ó kéré jù nínú òṣìṣẹ́ rẹ̀ di 720 náírà lọ́dún láti 312, ó sì san owó ẹ̀yìn lé e. Ẹ̀yin àgbà ààrín wa rántí àwọn ọjọ́ náà, àti bí rédíò ṣe kún inú ilé. Òṣìṣẹ́ aládàáni kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ìjọba ni ó gbà á síṣẹ́. Ní ọdún 1975 owó ọjà fò sókè ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó di dandan kí àwọn òṣìṣẹ́ aládàáni daṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó fi kún tiwọn. Ìdáhùn wa sí ìbéèrè yín nìyẹn. Nígbà tí ìjọba bá fi kún owó òṣìṣẹ́ rẹ̀, àwa náà ni à ń san án ní ọjà. Nígbà tí ó bá sì kọ̀ láti fi kún un, ọ̀gá tiwa a nawọ́ sí ìjọba, a ní, "Ẹ ò rí i pé ìjọba pàápàá kò san jù báyìí lọ?"

Ti àdúgbò wa tún ni àrà tirẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kéde 77,000 fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìjọba Èkó kéde 85,000. Ẹni méjì lè máa gbé ojúlé kan ní Ìbàfò, kí ọ̀kan máa gba ti Èkó, kí èkejì máa gba ti Ògùn, kí ẹnì kẹta, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ aládàáni ní Mowé, má rí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Gàrí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rà, iye kan náà ni.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ fún ara wa nípa òfin náà pẹ̀lú. Òfin ọdún 2019 yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ó yọ ẹni tí ó ń gba owó gẹ́gẹ́ bí iye iṣẹ́ tí ó ṣe sílẹ̀, àti ẹni tí ó ń gba ìdá nínú owó tí ó pa wọlé. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń jẹ́ owó fún olówó ọkọ̀ ní alaalẹ́, òfin náà kò bò yín. A mọ ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè yìí, a kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ó pín àwọn òṣìṣẹ́ ojúmọ́ rẹ̀ sábẹ́ agbaṣẹ́ṣe mẹ́rin, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ènìyàn rẹ̀ pé 25. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń dúró tì. Nínú ìwé nìkan ni wọ́n ti jẹ́ ilé iṣẹ́ mẹ́rin.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ní kí ẹ̀ka wa ṣe.

Èkíní, kí gbogbo àdéhùn wa pẹ̀lú ilé iṣẹ́ wà ní kíkọ. Òfin Trade Disputes sọ pé kí a fi ẹ̀dà mẹ́ta, ó kéré tán, ránṣẹ́ sí Mínísítà láàárín ọjọ́ 14 tí a bá fọwọ́ sí i. Mínísítà sì lágbára láti pàṣẹ pé kí àdéhùn náà de tọ̀túntòsì. Àdéhùn ẹnu kò ní ẹlẹ́rìí. Kí aṣojú kọ̀ọ̀kan béèrè ẹ̀dà tirẹ̀, kí ó sì kà á.

Èkejì, kí a má ṣe sùn nígbà tí a bá gbọ́ pé wọ́n ti fọwọ́ sí òfin. Oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin 30,000. Ọ̀rọ̀ àfikún fún àwọn tí wọ́n wà ní ipele keje sókè kò yanjú títí di ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá. Ìjọba ti dárúkọ ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún fún ipele keje. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ti dá ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì, tí wọ́n sì dúró gbọn-in lórí tábìlì, ó di 23.2.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù. Òfin 2024 sọ pé ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni a óò máa tún owó náà yẹ̀ wò. Bí a bá kà á, 2027 nìyẹn. Kí ọdún náà tó dé, kí àwa ti ilé iṣẹ́, àwa ti ọkọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti ti Ìfọ̀, àti àwọn olùkọ́, jókòó pọ̀, kí a kọ ìwé ìbéèrè kan ṣoṣo. Kí á kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí wọ́n ka òṣìṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe mọ́ ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ fún. Kí á kọ ọ̀rọ̀ awakọ̀ sínú rẹ̀.

Kì í ṣe ohun tí a kò rí rí. Ẹ̀yin ará Ìfọ̀, níbi tí ọ̀nà rélùwéè ti yà sí Ìdogò, ẹ mọ orúkọ Michael Imoudu. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti pósítọ́fíìsì, ti PWD àti àwọn mìíràn daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ju 30,000 lọ. Ọ̀gá kan náà, ìyẹn ìjọba amúnisìn, ni ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí àwọn náà sọ ọ̀rọ̀ wọn di ọ̀kan, ìgbìmọ̀ Tudor Davies ní kí a fi ìdajì lé owó ìrànwọ́ wọn.

Àwọn agbanisíṣẹ́ ti mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí àwa tí a ni òwe má jẹ́ ẹni tí yóò gbàgbé rẹ̀. Àwọn aṣojú yóò gba orúkọ àwọn tí yóò kọ ìwé ìbéèrè náà ní ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹ wá, ẹ má rán ẹnikẹ́ni.